Ẹ Tún Ọkọ̀ Onígi Yín Ṣe Kí Òjò Tó Dé

Fún ọ̀pọ̀ ará Ìpínlẹ̀ Èkó tó ń gbé létí ọ̀sà, láti Àgbádárìgì títí dé Ẹ̀pẹ́, ọkọ̀ onígi kékeré ni ọ̀nà àtijẹ. Òun ni wọ́n fi ń dẹ àwọ̀n, òun náà ni wọ́n fi ń la irà kọjá níbi tí ọkọ̀ ńlá kò lè dé. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó yẹ kí a tún un ṣe, kí omi tó kún. Ohun tí a fẹ́ tẹnu mọ́ ni pé bíbo ihò lójú kì í ṣe àtúnṣe.

Bí ọkọ̀ bá ń jò, àwọn kan a máa kan páànù mọ́ ojú ihò náà. Omi a wọ àárín páànù àti igi, igi a sì máa jẹrà lábẹ́ rẹ̀ láìsí ẹni tó rí i. Ọjọ́ tí ẹrù bá wúwo tàbí tí ìgbì bá dìde ni àṣírí yóò tú, láàrin ọ̀sà.

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ fa ọkọ̀ gòkè, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì gbé e sórí igi lábẹ́ ibòòji, nítorí oòrùn gangan a máa la pákó. Kòkòrò kan wà tí ń gbẹ́ ihò sínú igi nínú omi oníyọ̀. Bí igi bá gbẹ, yóò kú.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ṣóńṣó ọ̀bẹ gún ọkọ̀ yíká, pàápàá ní ìdí rẹ̀ àti lẹ́bàá ìṣó. Ibi tí ọ̀bẹ bá ti wọlé wẹ́rẹ́ ti jẹrà. Ẹ gé e kúrò títí ẹ ó fi kan igi tó le, kí ẹ sì fi pákó tó gbẹ dáadáa rọ́pò rẹ̀. Òwú tí a rì sínú ọ̀dà ni kí ẹ fi dí àárín pákó sí pákó. Ẹ má kì í jù, nítorí igi a máa wú nígbà tó bá padà sómi, wíwú náà ni yóò sì pa ojú ibẹ̀ dé. Ẹ so ọkọ̀ mọ́ èbúté fún ọjọ́ méjì kí ẹ tó kẹ́rù sí i. Bí ó bá ṣì ń jò, iṣẹ́ kò tíì parí.

Ohun èlò ló kàn: ẹ̀wù amúniléfòó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, àjẹ̀ kejì, igbá ìgbọ́nmi, okùn, ìdákọ̀ró, fèrè, àti tọ́ọ̀ṣì tí a wé sínú ọ̀rá. Kẹ́ẹ̀gì òfìfo oní-lítà 25 tí a dé pa lè gbé nǹkan bíi kílò 25 léfòó. Ẹ de méjì mọ́ abẹ́ ìjókòó.

Bí ọkọ̀ bá dojú dé, ẹ dì í mú. Igi a máa léfòó, ó sì rọrùn fún olùdóòlà láti rí ọkọ̀ ju orí ènìyàn kan ṣoṣo lọ.

A rọ ẹ̀yin baálé àti olórí ẹgbẹ́ apẹja pé kí ẹ yẹ ọkọ̀ àdúgbò yín wò kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀. Owó òwú àti ọ̀dà kò tó ohun tí a lè fi wé ẹ̀mí.