Ta Ló Lè Gbé Quarterback Ṣubú? Bí Àwọn Ẹgbẹ́ NFL Ṣe Ń Yan Adènà

Draft ni ètò tí àwọn ẹgbẹ́ 32 inú NFL, líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fọwọ́ jù tí wọ́n sì ń gbé sá, fi ń yan àwọn ọ̀dọ́ tó ń ti yunifásítì bọ̀ lọ́dọọdún. Ọdún 1936 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é, ní Philadelphia. Bert Bell, ọ̀gá ẹgbẹ́ Eagles, ló dá a lábàá, nítorí pé àwọn ẹgbẹ́ díẹ̀ tó lówó ló ń kó gbogbo àwọn tó mọ bọ́ọ̀lù lọ. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ò tíì yí padà: ẹgbẹ́ tó fìdí rẹmi jù ní sáà tó kọjá ló ń kọ́kọ́ yàn, ẹni tó gba Super Bowl, ìyẹn ìdíje àṣekágbá líìgì náà, ló ń yàn kẹ́yìn. Ìpele méje ni ètò náà. Ẹgbẹ́ tó bá wù ú lè ta ipò rẹ̀ fún ẹlòmíràn, tàbí kó fi ra agbábọ́ọ̀lù tó ti dàgbà sídìí iṣẹ́.

Adènà mọ́kànlá ló ń wà lórí pápá lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó wà níwájú ń kojú àwọn òmìrán tó ń dáàbò bo quarterback, ìyẹn ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù. Àwọn linebacker wà lẹ́yìn wọn, wọ́n ń ṣọ́ ẹni tó bá fẹ́ gbé bọ́ọ̀lù sá. Àwọn cornerback àti safety ló wà lẹ́yìn pátápátá, tí wọ́n ń ṣọ́ àwọn tí wọ́n máa ju bọ́ọ̀lù sí. Nínú gbogbo wọn, ẹni tó lè tètè dé ọ̀dọ̀ quarterback ló wọ́n jù, torí quarterback tí kò bá ráyè wo pápá, ètò ẹgbẹ́ rẹ̀ ti dàrú. Bí wọ́n bá gbé e ṣubú kó tó ju bọ́ọ̀lù, sack nìyẹn. Cornerback ló tẹ̀ lé e lówó. Àwọn ẹgbẹ́ ń ju bọ́ọ̀lù lóde òní ju bí wọ́n ṣe ń gbé e sá lọ, ìdí sì nìyẹn tí adènà ẹ̀yìn fi sábà máa ń jẹ́ márùn-ún dípò mẹ́rin àtijọ́. Cornerback kẹta, tó jẹ́ arọ́pò tẹ́lẹ̀, ti di ẹni tí ẹgbẹ́ kan ò lè ṣe aláìní.

Orí fídíò ni àyẹ̀wò ti ń bẹ̀rẹ̀. Sikáòtù, ìyẹn ẹni tí ẹgbẹ́ gbà láti máa yẹ àwọn ọ̀dọ́ wò, á wo eré kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́fà, lẹ́ẹ̀méje, ojú rẹ̀ ò sì ní sí lára bọ́ọ̀lù. Ẹsẹ̀ àti ọwọ́ ló ń wò. Bó bá jẹ́ ẹni tó ń sáré wọlé láti etí ìlà ni, ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ló ṣe kókó: ṣé bí bọ́ọ̀lù ṣe kúrò nílẹ̀ lòun náà gbéra, àbí ó kọ́kọ́ dúró wò? Òmìrán tó wà níwájú rẹ̀ á na ọwọ́ méjèèjì sí i láyà. Ọmọ tó mọṣẹ́ á gbá ọwọ́ náà dànù kó tó kàn án, á tẹ èjìká wálẹ̀, á sì gba ẹ̀gbẹ́ òmìrán náà kọjá pẹ̀lú ara tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀, láìdẹ eré. Nígbà tí wọ́n bá wá dí ọ̀nà yẹn mọ́ ọn ni sikáòtù ń rí ohun tó ń wá gan-an: ṣé ó ní ọgbọ́n kejì, àbí ó kàn ń ti ẹni ẹlẹ́ni títí eré fi parí? Ní ti cornerback, ìbàdí ni wọ́n ń wò, bó ṣe yára yí tó nígbà tí ẹni tó ń ṣọ́ bá yà lójijì. Ní ti linebacker, bóyá ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ lọ síbi tó yẹ, nítorí ẹsẹ̀ kan tó bá ṣìnà ti fi ọ̀nà sílẹ̀ fún ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù.

Lẹ́yìn fídíò ló kan wíwọ̀n. Láti 1987, ìlú Indianapolis ni wọ́n ti ń kó àwọn ọ̀dọ́ tó lé ní 300 jọ lọ́dọọdún fún ohun tí wọ́n ń pè ní combine. Wọ́n á sáré 40 yáàdì, wọ́n á fò sókè, wọ́n á fò síwájú, wọ́n á gbé irin tó wúwo tó kìlógíráàmù 102 léraléra. Dókítà àwọn ẹgbẹ́ á yẹ orúnkún, èjìká àti ọrùn wọn wò. Eré sísá ni tẹlifíṣọ̀n ń gbé sáfẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n yàrá dókítà ló ṣe pàtàkì jù fún àwọn ẹgbẹ́ fúnra wọn.

Iye tí wọ́n bá wọ̀n lè tan ni jẹ. Vernon Gholston gbé irin yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́tàdínlógójì lọ́dún 2008, ara rẹ̀ dà bí èyí tí wọ́n gbẹ́. New York Jets fi ipò kẹfà yàn án, kò sì rí sack kan ṣoṣo ní gbogbo ìgbà tó lò nínú NFL. Ní 2014, Aaron Donald ti Yunifásítì Pittsburgh sáré dáadáa ní tirẹ̀, àmọ́ àwọn kan ní ó kúrú, ó sì fúyẹ́ jù fún àárín ìlà. Ẹni tó bá ti wo ìjàkadì rí mọ̀ pé ẹni tó bá rẹlẹ̀ ju ẹnìkejì lọ ló ń rọrùn fún láti gbé e. Ohun tí Donald ń fi kúkúrú rẹ̀ ṣe gan-an nìyẹn, ó sì hàn gbangba nínú fídíò rẹ̀. Rams yàn án ní ipò kẹtàlá. Ó gba ẹ̀bùn adènà tó dára jù lọ́dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó gba Super Bowl kan, sack 111 ló sì ní kó tó fẹ̀yìn tì ní 2024.

Iye sack pàápàá kì í sọ gbogbo òótọ́. Adènà lè sáré débẹ̀ nígbà mẹ́wàá kí quarterback ju bọ́ọ̀lù dànù nígbà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Odafe Oweh, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, kò ní sack kankan ní sáà tó lò kẹ́yìn ní Penn State. Baltimore Ravens wò ó pé ó ń da quarterback láàmú, pé eré rẹ̀ yá lọ́nà tó ṣọ̀wọ́n, wọ́n sì fi ipò 31 yàn án ní 2021. Ó ní sack mẹ́wàá ní sáà 2024. Ọ̀rọ̀ kan náà ló wáyé lórí ipò àkọ́kọ́ ní 2022, àmọ́ ó gba ibòmíràn yọ. Aidan Hutchinson ní sack 14 ní Michigan, Travon Walker ní mẹ́fà ní Georgia. Jacksonville Jaguars yan Walker nítorí ara àti eré rẹ̀, Detroit Lions sì yọ̀ mọ́ Hutchinson ní ipò kejì. Walker kì í ṣe ọ̀lẹ, ṣùgbọ́n Hutchinson ti ṣe jù ú lọ.

Ọ̀rọ̀ ìlera ló nira jù. David Ojabo, tí wọ́n bí ní Port Harcourt tó sì dàgbà ní Scotland, jẹ́ ẹnìkejì Hutchinson ní Michigan. Iṣan gìgísẹ̀ rẹ̀ já níbi ìdánwò níwájú àwọn sikáòtù ní oṣù Kẹta 2022, ìpele kejì ni wọ́n sì tó yàn án. Ọdún kan ṣáájú, Azeez Ojulari, ọmọ Georgia tó jẹ́ orúkọ Yorùbá, bọ́ sí ipò 50 nígbà tí ìròyìn orúnkún rẹ̀ gbòde. Ó fún New York Giants, tó yàn án, ní sack mẹ́jọ lọ́dún àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, ìfarapa oríṣiríṣi ò jẹ́ kó gbá ọ̀pọ̀ eré. Laiatu Latu ní tirẹ̀, àwọn dókítà Yunifásítì Washington ti ní kó má gbá bọ́ọ̀lù mọ́ nítorí ọrùn rẹ̀. Ó lọ sí UCLA, wọ́n gbà á láàyè níbẹ̀, Indianapolis Colts sì yàn án ní 2024.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kì í fọkàn sí tó ni bóyá ẹni tí wọ́n ń yàn bá ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dènà mu. Seattle Seahawks fi èyí gbayì nígbà tí Pete Carroll jẹ́ kóòṣì wọn, tí John Schneider sì ń bójú tó yíyan agbábọ́ọ̀lù. Cornerback tó ga, tí apá rẹ̀ gùn tó íǹṣì 32, ni wọ́n ń wá, nítorí ìlànà wọn ni kí adènà ti alátakò látìbẹ̀rẹ̀ kó sì sún un mọ́ etí pápá. Richard Sherman, tó ti gba ipò mìíràn tẹ́lẹ̀ ní Stanford, bọ́ sí wọn lọ́wọ́ ní ipò 154 lọ́dún 2011. Nínú àwọn safety wọn, Kam Chancellor ti wá ní ìpele karùn-ún ní 2010; nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Earl Thomas nìkan ni wọ́n fi ìpele àkọ́kọ́ yàn. Ní oṣù Kejì 2014, àwọn wọ̀nyí dojú kọ Denver Broncos, tó ti gba àmì 606 ní sáà yẹn, èyí tó pọ̀ jù nínú ìtàn líìgì náà, wọ́n sì nà wọ́n ní 43 sí 8. Ẹgbẹ́ tó ń lo ìlànà mìíràn lè má rí ohunkóhun mú nínú Sherman.

Lẹ́yìn tí a bá ti mọ ẹni tó dára, ó ku iye tó yẹ ká san. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni Dallas Cowboys ti ní tábìlì kan tó fún ipò kọ̀ọ̀kan ní iye: 3000 fún ipò àkọ́kọ́, 1000 fún ipò 16, 590 fún ipò 32. Àwọn ẹgbẹ́ tó kù kọ́ ọ lára wọn. Cowboys fúnra wọn ti ta Herschel Walker, tó ń gbé bọ́ọ̀lù sá fún wọn, fún Minnesota ní 1989, wọ́n gba ọ̀pọ̀ ipò, ara ohun tó sì ti ibẹ̀ jáde ni adènà mẹ́ta tó fẹsẹ̀ múlẹ̀: Russell Maryland, Kevin Smith àti Darren Woodson.

Richard Thaler, tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2017, àti Cade Massey yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, wọ́n sì rí i pé owó tí wọ́n ń san lórí ipò òkè ti pọ̀ jù. Bí a bá mú agbábọ́ọ̀lù kan àti ẹni tí wọ́n yàn tẹ̀ lé e tí iṣẹ́ wọn lórí pápá jẹ́ ọ̀kan náà, díẹ̀ ló fi ju ìdajì lọ pé ẹni àkọ́kọ́ ni yóò bẹ̀rẹ̀ eré jù. Rams fẹ̀rí èyí hàn ní alẹ́ kan ṣoṣo: kí wọ́n tó yan Donald ní 2014, Greg Robinson ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi ipò kejì mú, kò sì lò ju ọdún mẹ́ta lọ́dọ̀ wọn. Nítorí náà, ẹgbẹ́ tó fi ipò mẹ́ta ra ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ìdí tó lágbára. Ẹni tó ta ọ̀kan gba mẹ́ta ló sábà máa ń jèrè, pàápàá látìgbà tí àdéhùn 2011 láàárín líìgì àti àwọn agbábọ́ọ̀lù ti dín owó àwọn ọmọ tuntun kù. Wọ́n fi 50 mílíọ̀nù dọ́là dá Sam Bradford, quarterback tí wọ́n kọ́kọ́ yàn ní 2010, lójú, àmọ́ àpapọ̀ owó Cam Newton, tí wọ́n kọ́kọ́ yàn lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kò ju nǹkan bíi 22 mílíọ̀nù lọ fún ọdún mẹ́rin. Adènà tó dáńtọ́ lábẹ́ irú ìwé bẹ́ẹ̀ á jẹ́ kí owó ṣẹ́ kù fún àwọn ipò mìíràn.

Sùúrù náà ní èrè. Ní 2024, quarterback mẹ́fà lọ láàárín ipò 12 àkọ́kọ́, agbábọ́ọ̀lù 14 sì lọ láìsí adènà kankan nínú wọn. Báyìí ni Colts ṣe jókòó jẹ́ẹ́ ní ipò 15 tí wọ́n sì mú adènà tó wù wọ́n jù, ìyẹn Latu, láìfi ohunkóhun kún un.

Bí ìpele keje bá parí, fóònù á bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Àwọn ẹgbẹ́ á máa pe àwọn tí ẹnikẹ́ni ò yàn, wọ́n á fún wọn ní àdéhùn kékeré. James Harrison ti Kent State gba ọ̀nà yìí wọlé sí Pittsburgh Steelers ní 2002. Wọ́n lé e, wọ́n tún gbà á, ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní 2008 ó di adènà tó dára jù nínú líìgì, ní Super Bowl oṣù Kejì 2009 sì rèé, ó já bọ́ọ̀lù quarterback Arizona gbà ní ẹnu ilé tirẹ̀, ó sì gbé e sá yáàdì 100 dé òdì kejì pápá.