TÁYÀ TÒKUNBỌ̀ ÀTI TÁYÀ TUNTUN: ÈWO LÓ WỌ́N JÙ?

Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Kò sí ìyá tó ń dáná tí kò mọ òwe yìí. Ṣùgbọ́n tọ́rọ̀ bá ti di ti táyà ọkọ̀, ọbẹ̀ tó dùn tí kò pa owó kankan ni tọlọ́kọ̀ terò ń wá kiri. Ẹ̀yin ẹlẹ́ja, ẹ̀yin onígàrí, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ tí ẹ̀ ń wọkọ̀ láràárọ̀, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Láyé àwọn ìyá ńlá, ẹni tó bá fẹ́ ná ọjà Èjìnrìn, ọkọ̀ ojú omi ló máa wọ̀. Ọ̀sà ni títì ayé ìgbà náà. Kó tó di pé òyìnbó bá Ìjẹ̀bú jagun ní 1892 ni Èjìnrìn ti jẹ́ ojúkò tí ará Èkó àti ará Ìjẹ̀bú ti ń pàdé, tí wọ́n ń gba ọjà lọ́wọ́ ara wọn. Àdúrà ẹni tó bá ń lọ sọ́jà nígbà náà ni pé kí ọkọ̀ má dojú dé.

Lónìí, títì ọlọ́dà ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀sà. Ẹja tàbí gàrí tó bá máa kúrò ní Èjìnrìn, Àgbòwà tàbí Ìtóìkin lọ sí Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ tàbí Máìlì 12, orí táyà ló máa gùn débẹ̀. Ibi tí táyà kọ̀ọ̀kan sì fi kanlẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ. Ẹ ò rí i? Gbogbo èrò inú ọkọ̀, gbogbo agbọ̀n ẹja, gbogbo àpò gàrí, àtẹ́lẹwọ́ mẹ́rin péré ló gbé wọn dúró. Táyà ti di ọkọ̀ ojú omi wa o.

IBI TÍ TÒKUNBỌ̀ TI WỌLÉ

Ìgbà kan wà tí táyà tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà kún ìgboro. Dunlop ní iléeṣẹ́ ńlá n'Íkẹjà, Michelin ní tiẹ̀ ní Port Harcourt. Kò pẹ́ lẹ́yìn òmìnira ọdún 1960 tí méjèèjì fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n Michelin ti ilẹ̀kùn iléeṣẹ́ yẹn pa ní 2007, nígbà tí ọdún 2009 sì fi máa parí, Dunlop náà ò ṣe táyà n'Íkẹjà mọ́. Látìgbà náà, òkè òkun la gbójú lé, àti fún tuntun àti fún àlòkù.

Àlòkù yìí là ń pè ní tòkunbọ̀. Òfin ò fọwọ́ sí i o: táyà àlòkù ọkọ̀ kékeré wà nínú ohun tí kọ́sítọ̀mù kà léèwọ̀ láti kó wọ̀lú. Síbẹ̀, bí ẹ bá dé ìsọ̀ fọkanáísà, òun lẹ máa rí tí wọ́n tò jọ bí ìkòkò alámọ̀. Awakọ̀ á wo tuntun, á gbọ́ iye ẹ̀, á mí kanlẹ̀. Á wo tòkunbọ̀, á gbọ́ pé ìdajì owó ni, inú ẹ̀ á dùn. Àwọn mìíràn á tún sọ pé, “Tòkunbọ̀ Jámánì kan ju tuntun Ṣáínà mẹ́ta lọ.” Ṣé òótọ́ ni?

Ẹ JẸ́ KÁ ṢÍRÒ Ẹ̀

Ìyá ọlọ́jà kì í ra gàrí láì wo bó ṣe kún kọ́ńgò tó. Ilà inú táyà ni kọ́ńgò tiẹ̀. Táyà tuntun ọkọ̀ kékeré, ilà ẹ̀ sábà máa ń jìn tó mìlímítà 8. Tó bá jẹ títí tó fi ku mìlímítà 1.6, ó ti parí nìyẹn. Òfin ìlú Gẹ̀ẹ́sì ò gbà kí ọkọ̀ kékeré fi èyí tó kéré sí i rìn. Ìyẹn ni pé mìlímítà 6.4 lèèyàn ń fowó rà nínú táyà tuntun.

Tòkunbọ̀ ńkọ́? Òyìnbó ti jẹ ẹran ara ẹ̀ kó tó yọ ọ́ sọnù. Ká ní mìlímítà 4 ló kù. Ẹ yọ 1.6 tí kò ṣe é jẹ kúrò, 2.4 péré ló ṣẹ́ kù.

Ó yá, Lágbájá ra tuntun ní ₦40,000, Tàmẹ̀dò ra tòkunbọ̀ ní ₦20,000. Àpẹẹrẹ ni iye yìí o. Owó ọjà lè yí lọ́la, ìṣirò ẹ̀ ni kò ní í yí. Tàmẹ̀dò ń yọ̀ pé òun ti jèrè ₦20,000. Ṣùgbọ́n mìlímítà kọ̀ọ̀kan tí Lágbájá rà, ₦6,250 ló bọ́ sí. Ti Tàmẹ̀dò lé ní ₦8,300! Tí Tàmẹ̀dò bá fẹ́ rin ibi tí Lágbájá máa fi táyà kan rìn dé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tòkunbọ̀ mẹ́ta tó máa rà, á sì ná ohun tó lé ní ₦53,000. A ò tíì ka owó fọkanáísà tí á máa tú u, tí á máa dè é. A ò ka ọjọ́ iṣẹ́ tó máa bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Táyà Tàmẹ̀dò yẹn, ₦15,000 ni ìwọ̀n ẹ̀ nígbà tí tuntun jẹ́ ₦40,000. Ẹni tó bá san jù bẹ́ẹ̀ lọ ti jẹ gbèsè láì mọ̀.

Bí a ṣe ń wọn ilà yìí kò le. Ẹ ti igi ìṣáná bọ inú ẹ̀ kó kanlẹ̀, ẹ fi èékánná sàmì ibi tó mọ, kí ẹ gbé e lé rúlà ọmọ iléèwé tàbí téèpù télọ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n láàárín, ẹ wọ̀n ọ́n létí méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ lajú o! Àwọn kan máa ń fi irin gbígbóná gbẹ́ ilà mìíràn sára táyà tó ti pá. Ilà ẹ̀tàn ni. Rọ́bà tó yẹ kó bo wáyà inú ẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ kúrò yẹn.

ỌJỌ́ ORÍ Ẹ̀ ŃKỌ́?

Olówò lè fi nǹkan dúdú kun táyà kó máa dán bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Ṣùgbọ́n táyà kì í purọ́ ọjọ́ orí. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí létí ẹ̀. Lópin ọ̀rọ̀ yẹn, nọ́ńbà mẹ́rin máa wà nínú àmì róbótó kan tó gùn díẹ̀. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó gbẹ̀yìn ni ọdún. Bí ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Bí ẹ ò bá rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ yí i padà, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí nígbà míì. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà mẹ́ta péré, ẹ fẹsẹ̀ fẹ ẹ, kó tó di ọdún 2000 ni wọ́n ti ṣe irú yẹn!

SON, àjọ tó ń wo bí ojúlówó ọjà ṣe rí ní Nàìjíríà, ní kí wọ́n má lo táyà kọjá ọdún mẹ́rin sígbà tí wọ́n ti ṣe é. Rọ́bà ń gbó bó bá tiẹ̀ wà nílẹ̀ láì rìn. Oòrùn á mú un le, á bẹ̀rẹ̀ sí í sán wẹ́wẹ́. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ló ti pé ọdún mẹ́rin kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi ń bọ̀ nílé. Orúkọ ńlá tó wà lára ẹ̀ ò sì dá ọjọ́ orí dúró.

Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí ẹ̀ á gbóná. Bí ọkọ̀ ṣe ń sáré ni ẹ̀gbẹ́ táyà ń tẹ̀, tó ń nà, tó sì ń gbóná. Bí atẹ́gùn inú ẹ̀ bá kéré, tàbí tí ẹrù pọ̀ jù, títẹ̀ yẹn á pọ̀ sí i. Rọ́bà tó ti gbó á bẹ̀rẹ̀ sí í ya kúrò lára wáyà, ó sì di gbàà! Ìyẹn ò mọ tálákà, kò mọ ọlọ́lá. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta 2016, James Ocholi tó jẹ́ mínísítà kékeré fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ kú pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ lójú ọ̀nà Kàdúná sí Àbújá. Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sọ pé táyà ọkọ̀ wọn ló bẹ́.

TÁYÀ ÌLÚ ÒTÚTÙ

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ ò mọ̀. Lókè òkun, táyà ìgbà òtútù wà, ti ìgbà ooru wà, èyí tí wọ́n ń pè ní táyà gbogbo ìgbà náà wà. Ti òtútù, rọ́bà ẹ̀ rọ̀ gan-an kó lè di ilẹ̀ mú nígbà tí yìnyín bá bolẹ̀. Àwòrán òkè olórí mẹ́ta tó ní yìnyín nínú ló máa ń wà lára ẹ̀. Bí òyìnbó bá yọ èyí dànù, ó lè ba tòkunbọ̀ wá sọ́dọ̀ wa. Ilà ẹ̀ lè jìn dáadáa o, kó wu ojú. Ṣùgbọ́n nínú ooru tiwa, ńṣe lá máa jẹ bí ọṣẹ tí omi dà sí, bíréèkì ẹ̀ kì í sì í tètè mú.

Táyà gbogbo ìgbà kò burú, ṣùgbọ́n a kò ní yìnyín. Òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn la ní, ooru sì wà nínú méjèèjì. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí orúkọ yẹn san owó kún owó. Táyà ìgbà ooru tí ilà ẹ̀ jìn tó láti lé omi òjò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ló bá títì Ìkòròdú sí Ẹ̀pẹ́ mu. Tí ilà bá ti tán, omi á gbé táyà sókè kúrò lórí ọ̀dà, ìdarí ọkọ̀ á bọ́ lọ́wọ́ awakọ̀.

ẸRÙ TÓ LÈ GBÉ

Fún ẹ̀yin tí ẹ̀ ń fi dánfó kẹ́rù, ẹ wo lẹ́tà C. Táyà 185R14C tó ní nọ́ńbà 102 lè gbé kílò 850. Táyà 185/65R14 tó ní nọ́ńbà 86, kílò 530 ni agbára ẹ̀ mọ. Rîmù kan náà ni méjèèjì ń wọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé ti ọkọ̀ kékeré sábẹ́ bọ́ọ̀sì. Kílò 320 ló wà láàárín wọn lórí táyà kan ṣoṣo, ìyẹn ju àpò ìrẹsì mẹ́fà lọ! Ẹrù ràkúnmí ni wọ́n gbé ka ẹ̀yìn ewúrẹ́ yẹn.

TUNTUN NÁÀ NÍ ẸJỌ́

Kì í ṣe gbogbo tuntun ló dáa. Àwọn oníṣòwò kan máa ń ki táyà mẹ́ta mẹ́rin bọ inú ara wọn kí àpótí ọkọ̀ lè gba púpọ̀. Wáyà ẹnu wọn á ti wọ́ kí wọ́n tó dé ìsọ̀. Bí ẹnu táyà ò bá rí róbótó dáadáa, tó tẹ̀ síbì kan, ẹ má rà á.

Bí ẹ bá fẹ́ fi tuntun kan wé èkejì, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló máa ń wà lára ọ̀pọ̀ wọn. TREADWEAR ń sọ bó ṣe máa pẹ́ tó: bí nọ́ńbà ẹ̀ bá ṣe pọ̀ sí ni. TRACTION ń sọ bó ṣe ń dúró lórí ilẹ̀ tútù: AA ló ga jù, C ló kéré jù. TEMPERATURE ń sọ bó ṣe ń fara da ooru: A ló dáa jù, B tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá rí tuntun Ṣáínà tí kò tíì pé ọdún kan, tó ní A tàbí B, kó fi tòkunbọ̀ ọlọ́dún mẹ́jọ sílẹ̀ jẹ́ẹ́, bó ti wù kí orúkọ ti tòkunbọ̀ yẹn tóbi tó.

Lẹ́yìn tí ẹ bá rà á tán, atẹ́gùn ni oúnjẹ ẹ̀. Àárọ̀ kí ọkọ̀ tó rìn ló yẹ kí wọ́n fi géèjì wò ó. Ìwọ̀n tó yẹ sábà máa ń wà lára ilẹ̀kùn awakọ̀.

KÍ LERÒ LÈ ṢE?

Awakọ̀ á ní, “Ẹ̀yin ò mọ bí nǹkan ṣe rí ni. Níbo ni kí n ti rí owó tuntun mẹ́rin?” Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n Yorùbá ti dá àjọ kí báńkì tó dé. Táyà mẹ́rin Lágbájá, ₦160,000 ni. Ẹni tó bá ń dá ₦500 lójúmọ́, ọjọ́ 320 lá fi pé, kò tó ọdún kan. Kò sóhun tó ní kí awakọ̀ márùn-ún tó jọ ń ná ọ̀nà kan má dá àjọ táyà, kí wọ́n máa kó o fúnra wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀yin èrò náà, ojú lọ̀rọ̀ wà. Kí ẹ tó gbé agbọ̀n sọ́kọ̀, ẹ yí ọkọ̀ náà po lẹ́ẹ̀kan. Bí táyà bá pá bí orí arúgbó, bí wáyà bá ń yọjú, bí kókó bá yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹ sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: “Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo táyà yín o.” Bó bá kọtí ikún, ẹ wọ òmíràn. Ẹlẹ́ja mẹ́wàá tó bá fẹnu kò pé àwọn ò wọ ọkọ̀ táyà pípá, awakọ̀ á ra táyà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Ẹja tó bà jẹ́ torí ẹ pẹ́ dé ọjà, ẹ ṣì lè padà lọ ra òmíràn. Ẹ̀mí ò ṣe é padà lọ rà. A ò ní fi owó táyà ra pósí o. Àṣẹ.