Ẹ Má Tíì Yọ Fọ́tò Bàbá Lára Ògiri O!

Ẹ̀yin ọmọ Ẹ̀gbá, ta ni ò mọ fọ́tò yẹn? Lókè ògiri pálọ̀ ló wà, nítòsí àjà: Bàbá jókòó gbọnyin, agbádá tẹ́ rẹrẹ, ọwọ́ méjèèjì lórí orúnkún. Stephen Sprague, òyìnbó Amẹ́ríkà kan, tilẹ̀ kọ̀wé ní 1978 nípa irú ìjókòó àgbà yìí nínú fọ́tò Yorùbá.

Wàyí o, àwọn ọmọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ti ń fi férémù oníná ránṣẹ́ sílé l'Ábẹ́òkúta. Ó ń gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́tò. Òmíràn wà tó jẹ́ pé láti orí fóònù lọ́hùn-ún ni wọ́n á ti fi àwòrán ọmọ-ọmọ ránṣẹ́ sí Ìyá ní Aké. Ìyẹn dáa, a ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n bí iná bá lọ ńkọ́? Gíláàsì dúdú! Bí iná sì wà, bí ẹ ò bá tún un tò, Bàbá ò ní yọjú ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ tí kéèkì ọjọ́ ìbí á fi lé e kúrò.

Ẹ fi Bàbá sílẹ̀ níbi tó wà. Ẹ fi fóònù ya ẹ̀dà rẹ̀ lójúmọmọ, ẹ má tan iná kámẹ́rà sí i. Bó bá ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì, ẹ má fipá bó o, ẹ yà á bẹ́ẹ̀. Kẹ́ ẹ sì tètè bi Ìyá léèrè ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá yẹn, torí ó lè jẹ́ òun nìkan ló kù tó mọ̀ ọ́n. Pẹ́ńsù ni kẹ́ ẹ fi kọ orúkọ náà sẹ́yìn férémù.