Ọyẹ́ Dé, Ọmọ Tuntun Wà Nílé

Láti ìparí oṣù Bélú títí wọ oṣù Èrèlé ni ọyẹ́ máa ń jà ní ilẹ̀ Ìbàràpá. Afẹ́fẹ́ tó ti aṣálẹ̀ Sàhárà wá, tó ti kó eruku Bodélé ní orílẹ̀-èdè Ṣáàdì sára, á gba ìhà àríwá wọlé, á sì lé ọ̀rinrin òkun padà sẹ́yìn. Èrúwà, tó wà nílẹ̀ Ìbàràpá yìí, kì í ṣe ìlú inú igbó kìjikìji. Ilẹ̀ ọ̀dàn olókùúta ni, ọyẹ́ a sì máa mú níbẹ̀ ju bó ṣe ń mú lọ́dọ̀ àwọn ará etí òkun lọ. Ètè á bẹ́, àtẹ́lẹsẹ̀ á là, òwúrọ̀ á tutù, oòrùn ọ̀sán ọjọ́ kan náà á sì tún máa jóni. Àgbàlagbà á wọ súwẹ́tà láàárọ̀, á bọ́ ọ lọ́sàn-án. Ìkókó tí kò tíì pé ogójì ọjọ́ kò lè wọ̀, kò lè bọ́, kò sì lè sọ pé òtútù ń mú òun. Ohun tí àwọn àgbà inú ilé bá rò pé ó dára ni wọ́n á ṣe fún un. Èrò tèmi ni pé òtútù ọyẹ́ léwu fún ọmọ tuntun lóòótọ́, ju bí ọ̀pọ̀ wa ṣe mọ̀ lọ, ṣùgbọ́n àwọn ohun tí a ń kó wọ yàrá láti fi lé òtútù náà, èéfín, èédú, Róòbù àti kánfọ̀, lè ṣe é ní jàǹbá ju òtútù fúnra rẹ̀ lọ. Ohun tó ń mú ọmọ móoru jù lọ ti wà nílé kí ọmọ tó dé: ara ìyá rẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí òtútù ń ṣe. Ìgbóná ara ọmọ tó wà ní àlàáfíà kì í kéré sí 36.5 lórí ìwọ̀n Celsius, kì í sì í ju 37.5 lọ. Gbàrà tó bá ti bọ́ sáyé tòun ti omi lára ni ooru ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi í sílẹ̀: omi tó ń gbẹ ń gbé e lọ, ibùsùn tútù ń fà á, afẹ́fẹ́ tó ń kọjá ń bù ú, orí rẹ̀ tó sì tóbi ju bí ara rẹ̀ ti mọ lọ kò jẹ́ kí ó dúró. Bí òtútù bá mú àgbàlagbà, á gbọ̀n, gbígbọ̀n náà á sì mú ara rẹ̀ yá. Ọmọ tuntun kì í lè gbọ̀n bẹ́ẹ̀. Ọ̀rá kan tó wà lọ́rùn àti láàárín èjìká rẹ̀ ló ń jó láti fi wá ooru, bó bá sì ti ń jó o, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ àti èémí rẹ̀ ló ń ná. Bí òtútù bá pẹ́ lára rẹ̀, agbára á tán, kò ní lè fa ọyàn; àìfa ọyàn náà á sì tún mú kí ara rẹ̀ tutù sí i. Ọmọ mìíràn wà tí wọ́n ń yìn pé kì í sunkún, pé oorun ló ń sùn ṣáá, tó jẹ́ pé òtútù ti gba agbára ẹkún lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Ìbàràpá gan-an nítorí ìbejì. Ìwádìí tí Dókítà Nylander ṣe ní àwọn ọdún 1960 fi hàn pé nínú ìbímọ 1000 ní Igbó-Ọrà, nǹkan bí 45 ló jẹ́ ìbejì, ìwọ̀n tó ju ti Yúróòpù lọ ní ìlọ́po mẹ́ta ó kéré tán. Ìbejì sábà máa ń kéré, wọ́n sì sábà máa ń dé ṣáájú oṣù wọn. Ọmọ tó bá kéré kò ní ọ̀rá púpọ̀ lára, nítorí náà òtútù tí ọmọ tó tẹ̀wọ̀n á fara dà mọ́jú lè ti ba tirẹ̀ jẹ́ kí àkùkọ tó kọ.

Nígbà tí ilé bá tutù, ohun tó ń kọ́kọ́ wá sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn ni iná. Wọ́n á ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé, wọ́n á gbé àdògán eléèédú wọ yàrá abiyamọ, tàbí kí wọ́n dáná igi sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí ooru lè wọlé. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ṣírò pé èéfín ìdáná inú ilé pa nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.2 ènìyàn káàkiri ayé ní ọdún 2020, àti pé àwọn tó ju 237,000 lọ nínú wọn jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Èéfín ń ba ẹ̀dọ̀fóró ọmọ jẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí òtútù àyà á fi ráyè wọ̀ ọ́. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní 2011 wá láti orí òkè San Marcos ní orílẹ̀-èdè Guatemala, níbi tí òtútù ti mú gidi tí ìdílé sì ń dáná igi sínú ilé. Wọ́n pín ìdílé 534 tó ní aboyún tàbí ìkókó sí méjì, wọ́n sì mọ ààrò tó ní ihò èéfín fún apá kan. Èéfín tí àwọn ọmọ wọn ń fà símú dín kù sí ìdajì, òtútù àyà tó le sì dín kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Ooru ààrò ṣì wà nílé wọn. Èéfín nìkan ni wọ́n ní kó gba ojú ọ̀run lọ.

Èédú tún wá burú ju igi lọ. Igi máa ń rú èéfín, ojú á ta ènìyàn, á sì sá. Èédú tó ti pọ́n kì í rú, kì í rùn, ṣùgbọ́n carbon monoxide tó ń tú jáde máa ń gba ààyè atẹ́gùn nínú ẹ̀jẹ̀. Nínú yàrá tí wọ́n tì pa, ó lè pa ìyá àti ọmọ lójú oorun láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni wúkọ́.

Àwọn kan á ní iná ni wọ́n fi tọ́ àwọn, àwọn kò sì kú. Ó yẹ ká dá wọn lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ilé ìgbà náà kò rí bí ti ìsinsìnyí. Èéfín máa ń gba inú koríko òrùlé jáde, agbo ilé sì ní àgbàlá níbi tí wọ́n ti ń dáná. Yàrá búlọ́ọ̀kù onípáánù tó ní fèrèsé kan ṣoṣo kò ní irú ihò bẹ́ẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ẹni tó yè ló ń jẹ́rìí. Orúkọ bíi Málọmọ́, Kòkúmọ́ àti Dúrósinmi kò ṣàdédé pọ̀ láàárín wa. Àwọn òbí tó ti sin ọmọ púpọ̀ ló ń sọ ọmọ bẹ́ẹ̀. Títí di òní, ìwádìí ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2023 sí 2024 fi hàn pé nínú 1000 ọmọ tí a bí láàyè ní Nàìjíríà, nǹkan bí 41 kì í pé oṣù kan. Òtútù àti èéfín kọ́ ló pa gbogbo wọn, ṣùgbọ́n kò yẹ ká fi kún iye náà.

Wọ́n á tún ní bí fèrèsé bá ṣí, atẹ́gùn á kó òtútù àyà bá ọmọ. Kòkòrò àìsàn ló ń fa òtútù àyà, yàrá tí ọ̀pọ̀ ènìyàn há sí láìsí atẹ́gùn sì ni kòkòrò ti ń ràn jù. Ká gbé ibùsùn kúrò lójú fèrèsé, ká wá ṣí i díẹ̀, ìyẹn tó.

Ti Róòbù àti kánfọ̀ ni mo fẹ́ kí àwọn ìyá àgbà fetí sí jù. Aṣọ òtútù ti wà nínú àpótí láti ọdún tó kọjá pẹ̀lú kánfọ̀. Ọjọ́ tí ọyẹ́ bá dé ni wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fi wé ọmọ. Wọ́n á fi Róòbù pa á láyà àti nímú kí ọ̀nà èémí lè là. Nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, èròjà kan wà tí wọ́n ń pè ní G6PD, tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ pupa. Láàárín àwọn ọmọkùnrin wa, nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún ni èròjà yìí kò tó lára rẹ̀. Bí naphthalene inú kánfọ̀ bá wọ ara irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, ojú rẹ̀ á pọ́n bí ìyeyè, ibà pọ́njú náà sì lè dé ọpọlọ. Ọmọ tó bá yè é lè di adití tàbí ẹni tí kò lè dá jókòó. Ní 1980, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kuti, tó di mínísítà ìlera lẹ́yìn náà, àti akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Èkó kọ̀wé jáde nípa ewu menthol fún àwọn ọmọ tí G6PD wọn kò tó, menthol sì wà nínú Róòbù. Ṣé gbogbo ọmọ tí wọ́n fi Róòbù pa ló ń pọ́njú? Rárá o. Ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè mọ ọmọ tí èròjà náà kò tó lára rẹ̀. Òrí tàbí àdín tó mọ́ tó fún awọ tí ọyẹ́ ń bù jẹ, ká sì fọ aṣọ inú àpótí, ká sá a sóòrùn, kó tó kan ọmọ lára. Ká má ṣe fi kánfọ̀ sí aṣọ ọmọ mọ́ rárá.

Kí ni ká wá ṣe? Ní Bogotá, lórílẹ̀-èdè Kòlóńbíà, ní ìparí àwọn ọdún 1970, ẹ̀rọ amọ́mọmóoru kò tó nílé ìwòsàn, ni dókítà Edgar Rey bá ní kí àwọn ìyá gbé ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé sáyà wọn, awọ kan awọ, kí wọ́n fi aṣọ dì í. Nígbà tó yá, WHO dán an wò fún àwọn ọmọ tí kò tó kílò méjì ní ilé ìwòsàn márùn-ún, tí ti Fásitì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Àbájáde rẹ̀ tó jáde ní 2021 ni pé nínú 1000 ọmọ tí wọ́n gbé sáyà láti ìgbà ìbí, 120 ló kú láàárín oṣù kan. Lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú lọ́tọ̀ lọ́nà àtijọ́, 157 ni. Bí ọ̀pọ̀ bá rò pé ohun tí kò náni lówó kò lè jẹ́ ìwòsàn, kò yẹ kí ará Èrúwà rò bẹ́ẹ̀, níbi tí olóògbé Dókítà Awójọbí ti fi àgbá kẹ̀kẹ́ ṣe ẹ̀rọ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí kò nílò iná mànàmáná.

Fún ọmọ tó kéré jọjọ, ilé ìwòsàn ni ká ti bẹ̀rẹ̀, kí nọ́ọ̀sì fi bí wọ́n ṣe ń dì í han ìyá. Fún ọmọ tó tẹ̀wọ̀n nílé, ọ̀já tí a mọ̀ dáadáa tó, a kàn máa mú un wá síwájú ni títí ọrùn rẹ̀ á fi le. Ọmọ á wọ fìlà, ìbọ̀sẹ̀ àti ìlédìí gbígbẹ, ìyá á da ìró bò ó, imú rẹ̀ á sì wà níta. Ìwẹ̀ àkọ́kọ́ lè dúró títí wákàtí 24 á fi kọjá. Lẹ́yìn náà, ọ̀sán ló yẹ ìwẹ̀ nígbà ọyẹ́, kì í ṣe ìdájí. Tí oòrùn bá sì ti mú, ká dín aṣọ kù, nítorí ọmọ tí wọ́n di aṣọ púpọ̀ mọ́ lọ́sàn-án á gbóná bí ẹni tó ní ibà. Omi kò sí nínú ohun tó nílò, bí ọ̀fun àgbà tilẹ̀ ń gbẹ: omi ló ju ìdá 80 lọ nínú ìdá 100 omi ọyàn.

Ẹni tó bá sọ pé abiyamọ kò lè gbé ọmọ sáyà tọ̀sán tòru kò parọ́. Obìnrin tó ní gààrí láti yan tàbí ọjà láti ná kò lè jókòó lójú kan. Ṣùgbọ́n kò sí òfin pé àyà ìyá nìkan ni. Ní àwọn ilé ìwòsàn márùn-ún yẹn, ìyá àgbà tàbí àbúrò ìyá máa ń gbà á, àyà bàbá náà sì ní ooru. Nínú ilé tí ìbejì wà, Táíwò lè wà láyà ìyá kí Kẹ́hìndé wà láyà bàbá, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí ọyàn bá yá. Bí ẹsẹ̀ àti ikùn ọmọ bá ṣì tutù lẹ́yìn wákàtí kan láyà, tí kò fa ọyàn, tí èémí rẹ̀ ń yára tàbí tí ojú rẹ̀ pọ́n, ká gbé e lọ sílé ìwòsàn lóru ọjọ́ náà, láyà bẹ́ẹ̀, láìtú ọ̀já.