Tom Landry: Ọdún 29 ló fi kọ́ Dallas, ọjọ́ kan ni wọ́n fi lé e

Ojú tí àwọn ará ìlú Dallas, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ti ń wò fún ọdún 29 tí kì í rẹ́rìn-ín, tí kì í sì í fajú ro, omijé bọ́ lójú náà ní oṣù kejì ọdún 1989. Ọjọ́ náà ni Tom Landry kó àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ jọ láti sọ fún wọn pé ó dìgbóṣe. Wọ́n ti gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bọ́ọ̀lù tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ yìí kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ gbá nílẹ̀ yìí. Bọ́ọ̀lù tiwọn rí bí ẹyin, ẹnu rẹ̀ méjèèjì sì ṣóńṣó. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sá, tí àwọn alátakò yóò máa fi ara dínà fún wọn. Ènìyàn 11 ló ń wà níhà kọ̀ọ̀kan.

Ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Mission, ní ìpínlẹ̀ Texas, ni wọ́n bí Landry sí lọ́jọ́ 11, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1924. Mẹkáníìkì ni bàbá rẹ̀. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì dé, Robert, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló kọ́kọ́ wọṣẹ́ ológun òfurufú. Lọ́dún 1942, ọkọ̀ òfurufú tó ń gbé lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì já lójú ọ̀nà, Robert sì bá a lọ.

Ẹlòmíràn ì bá sá fún iṣẹ́ tó pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Landry kò sá. Láàárín oṣù kọkànlá ọdún 1944 sí oṣù kẹrin ọdún 1945, ìgbà 30 ló bá wọn fò lọ ju bọ́ǹbù sí àwọn ọ̀tá, gẹ́gẹ́ bí igbákejì awakọ̀ òfurufú B-17. Epo tán lọ́jọ́ kan, wọ́n já lulẹ̀ ní Belgium, ṣùgbọ́n orí kó o yọ.

Nígbà tí ogun parí, ó padà sí Yunifásítì Texas, lẹ́yìn náà ló gbá bọ́ọ̀lù fún New York Giants. Lọ́dún 1954 àti 1955, bó ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù ló tún ń kọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Ọdún 1960 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Dallas Cowboys sílẹ̀, Landry sì di akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn àkọ́kọ́. Nínú ìdíje 12 lọ́dún náà, wọn kò borí ẹyọ kan: wọ́n pàdánù 11, wọ́n ta ọ̀mì nínú ọ̀kan. Nígbà tó fi máa di 1964, àwọn kan ti ń pariwo pé kí ó máa lọ. Àmọ́ sùúrù ni baba ìwà. Clint Murchison tó ni ẹgbẹ́ náà kò lé e. Ọdún 10 ló tún fi kún àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀.

Sùúrù náà so èso. Láti 1966 títí di 1985, ọdún 20 gbáko, kò sí sáà kan tí wọ́n pàdánù ju bí wọ́n ṣe borí lọ. Síbẹ̀, ife-ẹ̀yẹ ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ní ọjọ́ 31, oṣù kejìlá, ọdún 1967, nínú òtútù tó ń sọ omi di yìnyín, Green Bay fi 21 sí 17 lù wọ́n. Àwọn ènìyàn ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń mọ. Nígbà tó di oṣù kìn-ín-ní ọdún 1972, wọ́n lu Miami ní 24 sí 3, wọ́n sì gba ife Super Bowl. Wọ́n tún gbà á lọ́dún 1978.

Ṣùgbọ́n ayé ń yí. Lọ́dún 1988, ìdíje 3 péré ni wọ́n borí nínú 16. Lọ́jọ́ 25, oṣù kejì, ọdún 1989, Jerry Jones ra ẹgbẹ́ náà, ọjọ́ náà gan-an ló sì sọ fún Landry pé iṣẹ́ ti bọ́.

Àwọn ará Dallas kò jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Lóṣù kẹrin, wọ́n tú sí ìgboro láti yẹ́ ẹ sí. Lọ́dún 1990, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn akọni eré náà. Ọjọ́ 12, oṣù kejì, ọdún 2000 ni àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ pa á, lẹ́ni ọdún 75.

Lọ́dún náà, àwọn agbábọ́ọ̀lù Dallas lẹ àwòrán fìlà rẹ̀, èyí tó máa ń dé lórí pápá, mọ́ aṣọ wọn. Ẹgbẹ́ tó lé e ló fi fìlà rẹ̀ ṣe ọ̀ṣọ́.