Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Ìwé wo la máa rà fọ́mọ?

Ẹ̀yin òbí wa ní Òkìtìpupa àti gbogbo ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ìwé kí ọlidé tó dé. Kì í ṣe ìwé iléèwé o. Ìwé tọ́mọ máa kà títí oúnjẹ á fi tutù ni mò ń wí.

Bọ́mọ yín bá wà láàárín ọdún mẹ́fà sí mẹ́sàn-án, ẹ wá Too Small Tola tí Atinuke kọ, tó jáde ní 2020. Tọlá ló kéré jù nílé ìyá àgbà wọn l'Ékòó. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹsẹ̀ télọ̀ àdúgbò ṣẹ́, òun náà ló ń bá a wọn àwọn oníbàárà. Ọmọ tó ń pọnmi, tó ń dúró ti màmá rẹ̀ nídìí ààrò púpurú, máa rí ara rẹ̀ níbẹ̀.

Fún àwọn tó ti ń bàlágà, Boom Boom ti Jude Idada ni mo yàn. Òun ló gba ẹ̀bùn Nigeria Prize for Literature ní 2019. Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ló dá lé. Ó ń dunni gan-an, nítorí náà, ẹ bá wọn kà á.

Èdè Òyìnbó ni wọ́n fi kọ méjèèjì. Ẹ fi Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ kún un, ìwé Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó ní ìpínlẹ̀ wa níbí. Láti 1938 ló ti wà, ṣùgbọ́n tuntun ni lójú ọmọ tí kò tíì kà á. Ẹ kà á sókè lálaalẹ́, kẹ́ ẹ fi Ìkálẹ̀ ṣàlàyé ibi tó bá le.

Ìwé wo lọmọ tiyín ń kà lọ́wọ́? Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sísàlẹ̀, káwọn òbí yòókù lè rí i rà.