Síńgù ló ta àwo: ohun tí Wings ṣe lẹ́yìn Ìkẹjà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta gìtá mẹ́tà láti Ìkẹjà dé Agége máa ń bi mí pé kí ló kù lẹ́yìn tí orin bá ti wọ téèpù. Ìpolówó ló kù, òun ló sì le jù. Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn kan tó kan àdúgbò wa ṣàlàyé.

Ginger Baker, onílù ẹgbẹ́ Cream tí ọ̀pọ̀ èèyàn kà mọ́ àwọn tó la ọ̀nà fún mẹ́tà, ṣí sítúdíò ARC sí Ìkẹjà níbí lọ́dún 1973. Lóṣù Kẹjọ ọdún yẹn, Paul McCartney, ìyàwó rẹ̀ Linda àti Denny Laine dé sí Èkó. Àwọn méjì ti fi ẹgbẹ́ wọn, Wings, sílẹ̀ kí wọ́n tó gbéra. Olè fi ọ̀bẹ gba téèpù orin tuntun lọ́wọ́ wọn. Fẹlá ní orin wa ni wọ́n wá jí, àfìgbà tí Paul gbé e fún un gbọ́. Sítúdíò EMI ní Àpápá ni wọ́n ti ṣe èyí tó pọ̀ jù, àmọ́ wọ́n gba “Picasso’s Last Words” sílẹ̀ lọ́dọ̀ Baker, tí òun fúnra rẹ̀ ń mi agolo tí òkúta wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀. Ọ̀gá onílù, agolo òkúta! Mo fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an.

Àwo náà, Band on the Run, jáde lóṣù Kejìlá, ṣùgbọ́n ọjà rẹ̀ kò kọ́kọ́ yá. Paul ò fẹ́ yọ orin kankan nínú rẹ̀ ṣe síńgù, ìyẹn orin kan ṣoṣo tí wọ́n ń gbé jáde lọ́tọ̀. Al Coury, ẹni tó ń darí ìpolówó fún ilé iṣẹ́ Capitol ní Amẹ́ríkà, ló rọ̀ ọ́ títí tó fi gbà. “Jet” jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ 1974, ó dé ipò keje ní Amẹ́ríkà àti nílùú Ọba. Lẹ́yìn rẹ̀ ni orin tí wọ́n fi sọ àwo náà lórúkọ jáde, ó sì gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà lóṣù Kẹfà. Àwo tó ti fẹ́ sùn jí, òun náà gba ipò kìíní nílẹ̀ méjèèjì.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Kò sí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó máa gbé odidi àwo sórí rédíò. Ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin ló ní fún yín. Síńgù ló ń sọ èyí tó máa gbé fún un, síńgù kejì sì ń fún un nídìí láti tún dárúkọ yín lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ẹgbẹ́ tó bá da orin mẹ́fà síta lọ́jọ́ kan ti ná gbogbo ìdí yẹn tán lẹ́ẹ̀kan náà. Ó máa ń dùn mí, torí owó dísù jẹnẹrétọ̀ àti sítúdíò ti lọ, kò sì sí kọ́bọ̀ fún ìpolówó.

Èmi ò ní kí ẹ jẹ́ kí orin yín rọ̀. Ẹ mú èyí tó kúrú jù nínú àwọn tó dáa, ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ sí Radio Lagos ní Agídíǹgbí. Kí àwọn yòókù ṣì wà nílé ná.